Nọ́ọ̀tì Awò Ojú Algot Renström

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Algot Renström fi jókòó sídìí ìlà kan tí wọ́n fà sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ iná ńúkílíà Sandvarpet, ní etíkun Sweden. Lẹ́yìn ìlà náà ni adágún omi wà, ìsàlẹ̀ omi náà sì ni ìkòkò ńlá wà, èyí tí wọ́n máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti pààrọ̀ àwọn ọ̀pá tó ń mú iná wá. Ohunkóhun tó bá já bọ́ sínú ìkòkò yẹn lè há sáàárín àwọn ọ̀pá, kó máa ha wọ́n lára títí ọ̀kan yóò fi lu. Ìdí nìyẹn tí Algot fi wà níbẹ̀. Bíírò, òrùka, aago, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé bí èèyàn bá ń wọlé, yóò sì tún kà wọ́n bó bá ń jáde. Ẹni tó bá lo awò ojú, Algot fúnra rẹ̀ ni yóò so okùn mọ́ ọn, tí yóò lẹ téèpù mọ́ nọ́ọ̀tì kékeré tó de gíláàsì rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Nígbà kan, ọ̀gá àgbà kan wá láti Stockholm, Algot sì gba eyín àtọwọ́dá lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: "Eyín òkè, mẹ́rin." Ọ̀rọ̀ ìwúrí tí ọ̀gá náà wá bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Pásítọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó ṣe ń béèrè ìbéèrè, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan pàápàá yóò fẹ́ jẹ́wọ́. Àṣà ilé iṣẹ́ náà sì ni pé ẹni tó bá ṣe àṣìṣe yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, yóò sì kà á sétí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí kọfí. Wọn kì í fìyà jẹ ẹ́. Wọ́n á kàn jókòó gbọ́ ọ ni, ìyẹn gan-an sì lèèyàn ń sá fún. Algot ti gbọ́ ti gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kó fẹ̀yìn tì, awò tuntun ló gbé wá síbi iṣẹ́, nítorí pé Majken ìyàwó rẹ̀ ti jókòó lé ti àtijọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi wọn. Ní agogo méjìlá ọ̀sán, ó na ọrùn sórí omi láti ka nọ́ńbà ara irinṣẹ́ kan. Ó kà á tán. Bó ṣe ń gbé orí sókè ni gíláàsì òsì ṣí, tó ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ti lọ. Ó wo ilẹ̀, ó gbọn ọwọ́ aṣọ, ó fi ìka ya irùngbọ̀n rẹ̀ wò. Awò èèyàn mọ́kànlá ló ti lẹ téèpù mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò rántí ti ara rẹ̀.

Agogo méjì ni wọ́n fẹ́ dé ìkòkò náà. Bí wọ́n bá ti dé e, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Kò sẹ́ni tó rí i. Algot lọ jókòó, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹja rẹ̀. Èrò kan wá bá a pé ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀tì náà ti já bọ́ nínú mọ́tò láàárọ̀. Èrò náà dùn mọ́ ọn, ó sì bá a jẹun dé ìdajì búrẹ́dì. Nígbà tó yá, ó bi ara rẹ̀ ní ohun tó máa ń bi àwọn ẹlòmíràn: ìgbà wo lo rí i gbẹ̀yìn? Ó ti fi awò náà ka nọ́ńbà lórí omi. Nọ́ọ̀tì wà lára rẹ̀ nígbà yẹn. Ó fi ìdajì búrẹ́dì yòókù sílẹ̀.

Solveig Nyrén ló ń darí iṣẹ́ ọdún náà. Ó ń wo ìdérí ìkòkò tó ti so rọ̀ lókè nígbà tí Algot dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní nọ́ọ̀tì tí kò tó hóró ìrẹsì, asẹ́ omi yóò gbé e. Ó ní bí Algot bá fi lè kọ ọ́ sílẹ̀, dandan ni kí òun dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

"Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù fún ẹ, Algot. Ṣé èyí lo fẹ́ kí wọ́n máa fi rántí ẹ?"

"Rárá. Ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà mí láti agogo méjìlá. Fún mi ní fọ́ọ̀mù kan."

"Ọ̀dọ̀ ẹ ni fọ́ọ̀mù wà."

Òótọ́ ni. Ó lọ mú un. Ó fi àtàǹpàkò di gíláàsì mú, ó kọ ọ́, ó sì kà á fún wọn nídìí kọfí. Rurik, tó ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé ìdérí, nawọ́ sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Algot ti gbọ́ tirẹ̀ lọ́dún náà.

"Pásítọ̀, ẹ má bínú, kò tíì yé mi. Ta ló yẹ kó lẹ téèpù mọ́ ọn?"

"Èmi."

"Ta ló wá yẹ kó wò ó pé téèpù wà níbẹ̀?"

"Èmi náà ni."

"Èèyàn méjì ló jẹ̀bi nígbà yẹn. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù kejì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé kọfí dànù. Algot kọ fọ́ọ̀mù kejì.

Wọ́n sọ kámẹ́rà sínú omi. Wákàtí mẹ́rin kọjá kí nǹkan tó yọ, nọ́ọ̀tì sì kọ́ ló kọ́kọ́ yọ. Ọmọrí bíírò aláwọ̀ ewé kan ló jókòó jẹ́ẹ́ sínú ìkòkò, tí wọ́n kọ S.N. sí lára. Kò sẹ́ni tó wo Solveig. Bàtà ara wọn ni wọ́n ń wò.

"Tèmi ni," ó ní. "Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo rò pé asẹ́ ti gbé e."

Algot dìde, ó lọ gbé ìwé ọdún náà wá. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, kò sì rí i pa mọ́ dáadáa. Ó bá a níbẹ̀: Solveig Nyrén, wọlé, bíírò kan, ọmọrí kan. Jáde, bíírò kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó kà wọ́n ti fọwọ́ sí i: A. Renström. Ó rọra pa ìwé náà dé. Ó di fọ́ọ̀mù kẹta.

Nọ́ọ̀tì yọ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kò jìnnà sí ọmọrí bíírò. Wọ́n tì í mọ́ inú àpótí òjé, nítorí pé ohun tó bá ti wọ ìkòkò yẹn ti gba ìtànṣán olóró, kò ṣeé gbé sójú mọ́. Wọ́n sì gba awò Algot kí wọ́n lè fi nọ́ọ̀tì tó kù lára rẹ̀ wé e.

Torí náà, nígbà tí wọ́n pé nídìí kọfí lọ́jọ́ kejì, Algot kò ríran kàwé. Solveig ka tirẹ̀ tán, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì gba fọ́ọ̀mù kẹta lọ́wọ́ Algot láti bá a kà á.

"'Mi ò rí i pé ọmọrí kò sí níbẹ̀,'" ó kà á. Ó gbójú sókè. "Ṣé o wò ó?"

Rurik gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Mi ò wò ó," Algot ní. "Nítorí pé ìwọ ni, mi ò rò pé ó yẹ kí n wò."

Solveig mú bíírò, ó kọ ìyẹn kún un lọ́rọ̀ geere bí Algot ṣe sọ ọ́, ó sì fi ìka Algot sí ibi tí yóò fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni Rurik lọ gbé ìdérí dé ìkòkò.