Olùkọ́ Tí Kì í Jẹ́ Ká Pa Àṣìṣe Rẹ́

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Odogbolu lónìí. Tí mo bá kọ nǹkan ṣì sínú fáìlì aláìsàn, ìlà kan ṣoṣo ni mo fi ń gé e, n kì í pa á rẹ́. Òfin iṣẹ́ wa ni, ṣùgbọ́n kí n tó mọ òfin kankan ni obìnrin kan ti kọ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Òun ló kọ́ wa ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama. Tí mo bá ní mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn, irọ́ ni mo pa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Á pè ọ́ síwájú pátákó. Tó o bá ṣe iṣẹ́ náà ṣì, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dọ́sítà. “Má pa á rẹ́. Níbo lo ti ṣìnà?” Ibẹ̀ lo máa dúró sí, lójú gbogbo kíláàsì, títí wàá fi fi ìka tọ́ka sí ibi tó ti wọ́.

Èmi kì í sì í gba ìyẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan, lọ́dún tó ṣáájú èyí tí a máa jáde, mo dúró síbẹ̀ títí agogo fi lù. Inú bí mi. Mo gbé dọ́sítà, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo sì kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Lọ pe ìyá ẹ wá lọ́la.”

Ẹ̀rín ni mo fi gbà á. Ìyá mi ń ta aṣọ, ẹnu wọn mú bí abẹ, wọn ò sì nífẹ̀ẹ́ sí ìwé mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ pé tí mo bá fi lè fìdí rẹmi nínú ìṣirò nígbà ìdánwò àṣejáde, ṣọ́ọ̀bù ni mò ń bọ̀, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti tán. Mo ní kí wọ́n ṣáà wá gbèjà mi ná.

Wọ́n dé lóòótọ́, gèlè wọn ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ìwọ ọmọdé yìí, ìwọ lò ń fi ọmọ mi ṣẹ̀sín?”

Olùkọ́ wa gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, inú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wo lẹ wà?”

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè yẹn kì í ṣe eré. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn ló ń wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà. Ẹni tó bá wà nínú èyí tó ṣáájú tìẹ, ẹ̀gbọ́n ẹ ni, kò sí àríyànjiyàn. Ìyá mi gbé àyà síta, wọ́n dárúkọ tiwọn. Olùkọ́ wa náà rọra dárúkọ tiẹ̀. Èyí tó ṣáájú ni.

“Súbúhánáláì!” Orúnkún ìyá mi ti kanlẹ̀. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ara yín ló tàn mí jẹ.”

“Mi ò bínú, ẹ dìde. Ẹ ṣáà fún mi ní ọmọ yìí ní wákàtí kan lójoojúmọ́ tí a bá ti jáde, kó má lọ sí ṣọ́ọ̀bù.”

Ta ló máa sọ pé rárá fún ẹ̀gbọ́n téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bú tán? Ìyá mi gbà, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wò mí dà bí ẹni pé èmi ni mo bí obìnrin náà ṣáájú wọn. Kí wọ́n tó lọ, olùkọ́ wa kọ ìṣirò mi àná padà sójú pátákó, tàṣìṣetàṣìṣe. “Níbo lo ti ṣìnà?” Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá.

Ó lé lọ́dún kan tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sunkún, mo bú u nínú. Àṣé òròmọdìyẹ ni mí: wọ́n ń gbà mí lọ́wọ́ ikú, mo ní wọn ò jẹ́ kí n lọ jẹ̀ láàtàn. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ibì kan náà ni mo máa ń ṣubú sí. Ìkánjú ni. Mo máa ń fo ìlà kan.

Èsì ìdánwò jáde, gbogbo yòókù dáa. Mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò.

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ fa ìwé náà ya sínú gọ́tà, kí n sọ fún ìyá mi pé èsì ò tíì jáde. Mo ti di etí ìwé náà mú. *Má pa á rẹ́.* Inú tún bí mi, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, sí ara mi ni. Mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ, mo gbé ìwé náà lé orí aṣọ tí ìyá mi ń wọ̀n.

“Mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò, Mọ̀mí. Mi ò ní dúró ní ṣọ́ọ̀bù o. Màá tún un ṣe.”

Mo ń retí “ṣebí mo sọ fún ẹ.” Ìyá mi gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n sì mú ìwé tí wọn ò lè kà.

Wọ́n ní, “Níbo lo ti ṣìnà?”