Ìyá Tó Máa Ń Béèrè Oògùn

Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa l'Ọ̀wọ̀ bá fẹ́ wọ bàálù, ìyá tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa á yà wá kí i. Kì í jókòó. Á gbé ọwọ́ lé àpótí onítọ̀hún, á ní, "Oògùn yín dà? Ẹ má fi síbí o. Báàgì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi sí."

Ọkọ rẹ̀, tí èémí máa ń há, ló ń lọ wo ọmọ wọn lókè òkun nígbà kan. Níbi tó ti fẹ́ pààrọ̀ bàálù, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í, ó ní òun kì í ṣe arọ. Ọ̀nà jìn. Ó ń sáré kí bàálù kejì má bàa fi í sílẹ̀, ni èémí bá há. Oògùn tó ń fà sẹ́nu wà nínú àpótí tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, kò dìde mọ́.

"Èmi ni mo di ẹrù yẹn," ìyá náà máa ń wí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Nígbà tí màmá mi ń lọ sókè òkun lọ́dún tó kọjá, ìyá náà sọ fún un pé, "Ìyá Tóyìn, ẹ tètè sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ìtìjú."

Màmá gbọ́ràn. Nígbà tó pè pé òun ti gúnlẹ̀, ìyá náà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó rọra béèrè pé, "Níbi tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ bàálù, ṣé ẹ ò rí ọkọ mi?"

Màmá ní, "N ò rí i, mà."

"Á jẹ́ pé ó ti ń bọ̀ wálé nìyẹn."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, láti ojú fèrèsé wa, mo rí òun nìkan nílé rẹ̀, tó ń bu oúnjẹ sínú abọ́ méjì.