Ohun Tó Ń Pa Táìmù Mi ní Bẹyẹrúnkà

Eruku pupa tí oòrùn ti yan, ọṣẹ ìfọṣọ àti èéfín igi ìdáná: òórùn tí mo bá nínú àgbàlá ilé wa ní Bẹyẹrúnkà nìyẹn. Èmi ni mo mú ti táìmù wọ ibẹ̀. Wọ́n ń tún ilé tí mo háyà l'Ókè-Àdó ṣe lọ́dún náà, ni mo bá kó padà sílé bàbá mi, pẹ̀lú igi táìmù kékeré kan nínú ike tí mo rà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Ìwọ náà kúkú mọ táìmù, ewé gbígbẹ wínníwínní tí a máa ń bù sí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ẹ́, n kò rí i ní tútù rí. Ìgbà tí mo fi ìka rún ewé rẹ̀, tí òórùn ìrẹsì ọjọ́ ọdún kún imú mi, ẹ̀rín ni mo bú sí lẹ́bàá títì.

Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi dúdú láti ìdí, ó kú. Mo ra òmíràn, òun náà tún fẹ́ máa kú lọ. Mo kà á lórí fóònù pé nílùú olótùútù, yìnyín a bò ó mọ́lẹ̀, a sì tún rúwé. Kí ló wá dé tí ohun tí yìnyín ò pa fi ń kú lọ́dọ̀ wa, níbi tí a ò ti mọ yìnyín àfi èyí tó bá òjò wá? Mo fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀: ó rin gbingbin. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo bomi rin ín kẹ́yìn, òjò ò sì rọ̀.

Ni mo bá ṣọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà, mo rí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n ń bọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n da ìyókù omi sí ìdí táìmù mi, wọ́n gbọn kẹ́tù náà títí ó fi kán tán, wọ́n sì lọ kírun.

Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n mi orí.

"Ìyálé mi, ìyàwó wọn, ló ní kí wọ́n má fi omi àlùwàlá ṣòfò, kí wọ́n máa dà á sí ẹ̀fìnrín òun. Ibi tí o gbé táìmù sí yẹn ni ẹ̀fìnrín náà wà tẹ́lẹ̀. Ìyálé mi ti lọ, ẹ̀fìnrín ti kú, omi ò tíì dúró."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lára mi. Tí mo bá gbé táìmù kúrò láìsọ̀rọ̀, ilẹ̀ lásán ni wọn yóò tún bá. Mo lọ kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ewé yẹn ò fẹ́ omi púpọ̀. Yanrìn ló fẹ́, àti oòrùn."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ já ewé kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Aṣálẹ̀ ni wọ́n ti bí i ni?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó wọn, n kò gbọ́ kí wọ́n dápàárá. Ìbéèrè wá ń já lura: ṣé ó máa ń tanná? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ní tútù? Àwọn fúnra wọn ló bu yanrìn tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti mọlé, a pò ó mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ sínú ike rẹ̀, a sì gbé táìmù sórí ògiri kúkúrú tó máa ń gbóná lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ló ti gbádùn, tó sì tàn kálẹ̀.

Mo wá ẹ̀fìnrín onígbòǹgbò kan rà l'Ọ́jà'ba, mo gbìn ín síbi tí omi wọn ń dé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́, kẹ́tù lọ́wọ́.

"Èyí mọ omi," ni wọ́n wí, wọ́n sì dà á.

Ohun tó ń pa ewé ni mo rò pé mò ń wá. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ń pa àdéhùn mọ́ lójoojúmọ́ nínú àgbàlá wa, tí a sì ń kọjá lára wọn láì béèrè.