Àtẹ̀gùn Tí Alátẹ̀gùn Fọ́

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ bíríkìlà kan fún yín, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alátẹ̀gùn. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀ o, àmọ́ bí ẹ bá fi pè é lójú títì, kò ní wẹ̀yìn. Ó lè mọ ògiri, ó lè rẹ́ ẹ, ó lè da dẹ́kì, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bíríkìlà mìíràn á mọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé òkè, á wá ní kí wọ́n lọ pe Alátẹ̀gùn kó wá ṣe ibi tí èèyàn máa gbà gòkè, torí àtẹ̀gùn kì í ṣe iṣẹ́ à-ń-kù-gìrì-ṣe.

Ọkùnrin náà ní ìṣe kan. Kò ní yọ téèpù lápò kó tó béèrè lọ́wọ́ onílé pé, "Kí lẹ fẹ́ tẹ́ sílẹ̀?" Onílé á ní, "Ẹ ṣe àtẹ̀gùn ná, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣì kù." Òun náà á ní, "Rárá o. Sìmẹ́ńtì lásán ni àbí táìsì? Nísàlẹ̀ ńkọ́? Lókè ńkọ́?" Ìdí ni pé ohun tí wọ́n bá tẹ́ sílẹ̀ ló ń gbé ilẹ̀ ga. Bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ bá ga sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti da àtẹ̀gùn, ìpele àkọ́kọ́ á kúrú. Bí tòkè bá ga sí i, ìpele ìkẹyìn á ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ èèyàn kì í sì í gba ìrẹ́jẹ. Bó bá ti gun ìpele kan, ó ti mọ bí èkejì ṣe yẹ kó rí, á sì gbéra sókè bẹ́ẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí ìpele kan ṣoṣo yàtọ̀ díẹ̀, ẹ ó rí onítọ̀hún nílẹ̀ gbalaja.

Bó bá parí iṣẹ́, á bọ́ bàtà, á dijú, á gun àtẹ̀gùn náà lọ, á gùn ún bọ̀. Àwọn lébìrà á máa ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ọ̀gá tún ti ń sùn rìn." "Àtẹ̀gùn tí afọ́jú ò bá lè gùn," ló máa ń dá wọn lóhùn, "òkìtì búlọ́ọ̀kù lásán ni." Ó ń fọ́nnu, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí kò sẹ́ni tó ṣubú lórí iṣẹ́ rẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, ó kọ́ ilé tirẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kékeré, àmọ́ ó wuni. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ wà. Aránṣọ ni obìnrin náà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ lọ. Òkè ni wọ́n ń gbé. Yàrá tó dáa jù lókè, èyí tí oòrùn òwúrọ̀ ń wọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ kọjá fẹẹrẹ, kò fún ìyàwó, kò fún ọmọ. Ti ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ń dá gbé nínú yàrá kan tó ti háyà láti ìgbà tí Alátẹ̀gùn ṣì ń fà á láṣọ. Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí: "Màámi, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi." Ìyá á ní, "Nínú yàrá mi, ẹsẹ̀ mi mọ ibi tí ìkòkò wà, ó mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà. Nílé tìẹ, ta ni yóò máa fà mí kiri bí àgùntàn?" Alátẹ̀gùn ò gbádùn oorun mọ́. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já, á rò pé wọ́n fẹ́ sọ fún òun pé ìyá òun ti ṣubú sí balùwẹ̀ láìsẹ́ni tó gbọ́. Ohun tó ń wá kò ju pé kí ìyá rẹ̀ wà níbi tí òun ti lè gbọ́ ikọ́ rẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, ìyá gbà láti wá sùn mọ́jú. Ó ní òun á wo ilé náà, bí ara òun bá gbà á, òun á dúró. Bí ara òun ò bá gbà á, kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Bó bá ti sọ "láéláé", ó parí.

Ó ku ohun kan kí n sọ. Sìmẹ́ńtì dídán ni Alátẹ̀gùn ti pinnu pé òun máa fi ṣe ilẹ̀ ilé náà, ó sì ti wọn àtẹ̀gùn lórí ìpinnu yẹn. Àfi bó ṣe lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, tí ìyàwó rẹ̀ pe Onítáìsì, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, tí àwọn méjèèjì sì tẹ́ táìsì sí gbogbo ilẹ̀, nísàlẹ̀ àti lókè. Àtẹ̀gùn nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Ta ló láyà tó máa fọwọ́ kan àtẹ̀gùn Alátẹ̀gùn? Nígbà tí ọkọ dé, ilé ń dán gbinrin. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé ìyàwó rẹ̀ sókè lójú àwọn oníbàárà. Kò sí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan Onítáìsì tó yẹ kó mọ̀, ẹni tó rántí ìbéèrè tí ọkùnrin yìí máa ń bi gbogbo ayé. Nílé ara rẹ̀, ta ni ì bá bi? Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Àtẹ̀gùn náà mọ́ àwọn ará ilé lára díẹ̀díẹ̀. Àlejò ló ń kọsẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwàdà pé èèyàn ò lè gòkè ilé Alátẹ̀gùn láìdọ̀bálẹ̀. Alátẹ̀gùn rò pé táìsì ìyàwó òun ló ń fa ojú wọn tí wọn ò fi wo iwájú. Ó tún ń ṣe fáàrí lé e lórí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyá dé, pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Alátẹ̀gùn ò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó.

"Màámi, ẹ wá wo àtẹ̀gùn. Ẹ dijú, ẹ máa gùn ún lọ."

"Ojú wo gan-an lo ní kí n dì?" ni ìyá wí, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó di irin ìdìmú mú, ó gun ìpele àkọ́kọ́. Ó ní, "Ó mà rọ̀ mí lọ́rùn o." Ó gbé ẹsẹ̀ kejì bó ṣe gbé tàkọ́kọ́, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbá ìpele kejì gbì. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ń gùn ún lọ. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dókè, tó rò pé ó tán, ìpele ìkẹyìn mú un lẹ́sẹ̀, ó fi orúnkún kúnlẹ̀ sórí táìsì. Díẹ̀ ló kù kó fi iwájú gbálẹ̀, ìyàwó ló sáré dì í mú.

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Kò bínú. Ì bá kúkú sàn kó bínú. "Ilé rẹ dáa, ọmọ mi," ló wí. "Àmọ́ kò fẹ́ mi. Lọ́la ni mò ń lọ."

Alátẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó yọ téèpù, ó wọn ìpele àkọ́kọ́, ó wọn èkejì, ó tún wọn àkọ́kọ́. Ó wo táìsì. Ó ké, "Yéè! Mo ti ṣe ara mi!"

Ìyàwó rẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀. "Kí ló dé? Àkeekèé ni?"

"Táìsì ni."

"Kí ni táìsì ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mi ò béèrè."

Nígbà tó ṣàlàyé tán, ojú ìyàwó rẹ̀ fà ro. Ó fẹ́ràn táìsì yẹn gan-an. "Ẹ jẹ́ ká hú u nígbà náà," ló wí.

"Hú kí ni? Ohun tí o fi ṣe mí lóore? Àtẹ̀gùn ló kùnà, òun ló ń lọ."

Bíríkìlà kì í rí ohun tó wọ́ kó fi í sílẹ̀; ọwọ́ á máa yún un. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Alátẹ̀gùn ti gbé òòlù ńlá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bó ṣe ń fọ́ ọ, gbì, gbì, gbì. Ẹ ó ní ṣé kò sẹ́ni tó jí ni? Ará ilé bíríkìlà ni wọ́n, òòlù kì í jí wọn. Ó ń làágùn, ó ń kọrin, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ń tún ayé ṣe. Nígbà tí oòrùn fi yọ, àwọn ìpele òkè ti di àfọ́kù, irin inú wọn ti yọ síta. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn kan lókè orí rẹ̀.

"Ta ní ń wó ilé mọ́ mi lórí?"

Ìyá ló dúró lókè, ó ti múra, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Màámi, ẹ má gbésẹ̀ o! Ẹ dúró síbẹ̀!"

Àṣé kò rò ó débẹ̀ rárá. Ìyá rẹ̀ wà lókè, ìyàwó wà lókè, àwọn ọmọ wà lókè, òun nìkan ló wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ìyàwó yọjú, ó wo ìsàlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé orí yín pé báyìí? Ta ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù mi?"

Ìyá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Mo ní mò ń lọ, ọmọ mi fọ́ ọ̀nà!"

"Màámi, mo búra, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò rò ó. Ìgbà wo lo tiẹ̀ ti ń rò ó?"

Àwọn aládùúgbò gbé àkàsọ̀ wá. Ìyàwó wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀, ó ń ṣépè lábẹ́ ètè. Àwọn ọmọ ní tiwọn ò fẹ́ kí àkàsọ̀ náà kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Alátẹ̀gùn ní kó jẹ́ kí òun pọ̀n ọ́n, ìyá ní, "Kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo pọ̀n ọ́, ìwọ kọ́ lo máa pọ̀n mí. Bó o bá ṣe é tán, màá fẹsẹ̀ mi lọ."

Bí ìyá ṣe dúró nìyẹn. Ó ń jókòó sójú fèrèsé, àwọn èèyàn ń kí i láti títì, ó ń fi ohùn dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ gun àkàsọ̀ tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú téèpù. "Màámi, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè. Ibi tó bá ti fẹ́ máa dùn yín, ẹ dúró." Ìyá gbé e. Kò gbé e dé ibi kan. Alátẹ̀gùn wo téèpù, ojú tì í. Gbogbo àtẹ̀gùn tó ti ń ṣe látọjọ́ yìí, orúnkún tó dá ṣáká ló ń ṣe é fún.

Ìpele tó kúrú á pọ̀ níye, àtẹ̀gùn tí ìpele rẹ̀ bá sì pọ̀ á gùn wọnú ilé. Ó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń họrí.

"Ẹ sọ ọ́ jáde," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ lẹ fẹ́ lé kúrò."

"Òun náà ni."

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wọ́ tábìlì sí igun. "Orúnkún ìyá mi ṣáà ju tábìlì lọ," ló wí.

Káfíńtà wá kan pákó, wọ́n so irin, wọ́n da kọnkéré. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Alátẹ̀gùn ń bu omi lé e kó lè gbó dáadáa. Ìyá á béèrè látòkè pé, "Ṣé ó ti mumi?" Á ní, "Ó ti mu, Màámi." "Ó ń mumi jù mí lọ."

Àmọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń parí lọ, ọwọ́ Alátẹ̀gùn ń falẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí ibi tó fẹ́ tún rẹ́. Onítáìsì wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá, ìpele yìí mà ti dán ju táìsì mi lọ." Ó tún ń rẹ́ ẹ lọ. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọjọ́ tí àtẹ̀gùn bá tán ni ìyá rẹ̀ máa lọ, ó sì mọ̀ pé bó bá lọ, ó lọ náà nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó tì í. "Ẹ parí ẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "A kì í fi àtẹ̀gùn àlàpà de ìyá ẹni mọ́lé."

Ó parí rẹ̀. Ìyá jáde síta yàrá, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ìyàwó, Onítáìsì àti àwọn oníbàárà dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń wò ó. Alátẹ̀gùn na ọwọ́ sí i, ìyá gbá a dànù. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Nígbà tó dé àárín, ó jáwọ́ lára irin ìdìmú, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣì lórí ẹyọ kan. Ó tẹ táìsì. Kò dúró. Ó gba àárín wọn kọjá, ó jáde sí títì.

Alátẹ̀gùn ò lè tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń kí ìyá níta, bó ṣe ń dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà ni òjìji rẹ̀ tún wọ ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó bọ́ báàgì léjìká, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màámi, ṣé kí n lọ pe ọkọ̀ fún yín?"

"Ọkọ̀ kí ni? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè dá jáde ni. Mo ti jáde."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn náà padà lọ, kò di nǹkan kan mú. Alátẹ̀gùn dúró síbẹ̀, ó gbá báàgì mọ́ra, kò mọ̀ pé òun ń sunkún. Nígbà tí ìyá dókè, ó pè é pé kó tètè gbé báàgì náà bọ̀, aṣọ tí òun máa wọ̀ sùn wà nínú rẹ̀.