Fọ́tò Tó Pa Ilà Ojú Mi Rẹ́

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé mi ò rí òpin àdúgbò wa ní Odoakpu, nílẹ̀ Ìgbò níbí. Eruku bo gbogbo òrùlé, ètè èèyàn ń là. Mo fi òrí para dáadáa, mi ò ṣahun ẹ̀ rárá, torí fọ́tò la fẹ́ lọ yà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ oní-fọ́tò!

Rọ́fíà, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Ó ní ká ya fọ́tò ńlá kan tí a ó gbé kọ́ sí pálọ̀. Mo ní ó dára. Àmọ́ ọmọ yìí ò lè ya ara ẹ̀ ní fóònù kó má fi fóònù náà sọ ara ẹ̀ di pupa. Ó dú, ó dú dáadáa, bíi ti ìyá tó bí mi. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń pè é ní "Blackie". Àwàdà ni wọ́n fi ń ṣe, àmọ́ kò bá Rọ́fíà lára mu.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo rí kírímù ìbóra kan ní balùwẹ̀, wọn ò tíì ṣí i. Mo bi Rọ́fíà léèrè. Ó ní òun ń dúró de fọ́tò ni. Tí pupa bá yẹ òun nínú ẹ̀, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í fi kírímù náà para, kí ojú òun lè bá ti fọ́tò dọ́gba.

Ẹ gbà mí! Ṣé fọ́tò ló yẹ kó jọ èèyàn ni, àbí èèyàn ló yẹ kó jọ fọ́tò? Mi ò pariwo o. Ọmọ tó ti tó ilé ọkọ, wọn kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kàn ń rò ó.

Emeka lorúkọ oní-fọ́tò wa. Ọmọ dáadáa ni, "Nne" ló ń pè mí, ìyẹn ìyá lédè wọn. Bó ṣe rí i tí ojú mi ń dán, ó fẹ́ fi tísù nu òrí mi nù. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún ọyẹ́, ọyẹ́ á bá a nù ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó yà wá: èmi lórí àga, Rọ́fíà lẹ́yìn mi. Ó ní ká ní sùúrù, òun ń tún un ṣe.

Nígbà tó yí kọ̀ǹpútà sí wa, mo bi Rọ́fíà pé, "Alájà wo lèyí tó wọ aṣọ mi?"

Ẹ̀yin èèyàn, èmi ni! Ilà gọ̀ǹbọ́ ni wọ́n kọ sí mi lójú ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti kékeré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wá ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí àwo tánganran! Emeka ń yọ̀ ní tiẹ̀: "Nne, I don clean all the scar! See as you fresh!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Àmọ́ Rọ́fíà ò rẹ́rìn-ín. Inú bí i! Ó ní ilà yẹn lòun máa ń fọwọ́ tọ̀ ní kékeré títí oorun á fi gbé òun lọ, òun ò mọ obìnrin orí kọ̀ǹpútà yìí rí. "Brother, abeg, bring my grandma face back!"

Emeka bẹ̀ mí títí, ó ní òun rò pé ọgbẹ́ ni. Ó tẹ ibì kan, ilà mi dé.

Mo wá rọra ní, "Ó dáa. Ọmọ pupa tó dúró lẹ́yìn mi yìí ńkọ́? Èmi náà ò mọ̀ ọ́n o. Adúmáadán ni mo mú kúrò nílé."

Rọ́fíà ń wo fọ́tò náà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Mọ̀mọ́, tèmi kì í ṣe ilà."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Tèmi, èèyàn ló kọ ọ́. Tìẹ, Ọlọ́run ló kùn ún. Èwo ló yẹ ká pa rẹ́ nínú méjèèjì?"

Rọ́fíà wá sọ fún Emeka pé kó dá tòun náà padà, ohùn ẹ̀ sì kéré. Àwọ̀ ẹ̀ wá jáde, ó ń dán bíi kóró àgbálùmọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lá tán. Emeka fúnra ẹ̀ pariwo: "Chai!" Ọmọ mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ṣe bí ẹni pé kò fẹ́.

Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ mo mọ̀ báyìí pé tí wọ́n bá pa ojú ẹni tá a fẹ́ràn rẹ́, ó máa ń tètè dùn wá ju tiwa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó bá yín wo fọ́tò yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti pa ojú yín rẹ́ rí, àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Rọ́fíà ló ń kà á sí mi létí, torí náà ẹ má bú wa o!

Ẹ ó ní kírímù ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì, Rọ́fíà fúnra ẹ̀ ló mú un, ó ní ká jọ lọ dá a padà. Ọkùnrin tó tà á ní àwọn kì í gba ọjà padà. Mo ní kò burú. Mo gbé àpótí kan sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo jókòó, mo ń lá àgbálùmọ̀ mi jẹ́jẹ́, mo sì ń fi gọ̀ǹbọ́ mi kí gbogbo oníbàárà tó wá ra ìbóra; bí wọ́n ṣe ń rí mi ni ojú ń tì wọ́n, wọ́n ń yà padà. Kí oòrùn tó la eruku já, ó ti fún wa ní ike vaselín ńlá kan àti ọṣẹ dípò ẹ̀.