Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Dágbére fún Bàbá Mi

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yẹ́ bàbá mi sí. Ó ku díẹ̀ ká wọ ọdún 2000, mo sì ń kọ́ JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Sábó, n'Ílé-Ifẹ̀. Bàbá mi, káfíńtà ní Ìlódè, ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ohun tí mo ń kọ́.

Ìlà méjì péré ni mo kọ. Ìlà kìíní ní kí kọ̀ǹpútà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí bàbá fi ara balẹ̀, kó tó kí wọn pé, "Ẹ káàbọ̀ sà." Ìlà kejì ní kó dágbére fún wọn. Mo ka kọ̀ǹpútà kún ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.

Bàbá jókòó, mo tẹ bọ́tìnì. Lójú ẹsẹ̀, ó hàn gàdàgbà: "Ó dàbọ̀ sà!"

Bàbá dìde. "Ṣé èmi lẹ ń lé?"

"Ẹ dákun sà, ẹ dúró, ìkíni ń bọ̀ lẹ́yìn!"

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí "Ẹ káàbọ̀ sà" tó yọjú.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ náà rẹ́rìn-ín títí. "O ní kó dúró, o wá rò pé yóò káwọ́ gbera? Iṣẹ́ tó kàn ló ń ṣe lọ títí àsìkò ìkíni á fi pé."

Nírọ̀lẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá nílé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó dàbọ̀," wọ́n sì ń gé pákó wọn lọ.

Mo wà nílẹ̀, mo ń retí "káàbọ̀" tèmi. Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Mo ṣì ń retí ẹ̀.