Ibojì Kejìlélógójì Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Orogún mi pè mí ní oníwèé èké lójú gbogbo àwọn ìyá ẹgbẹ́, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níbi tí a ti ń wọ bàtà. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ má bínú o. Ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, ta ló mọ̀ bóyá bó ṣe wù yín lẹ kọ ọ́?" Ó tẹ orúnkún sílẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, kí àwọn tó ń wò ó lè rí i pé ó níwà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wo orúnkún yẹn. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ fún mi lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé ó ní ohun tó fẹ́ gbà.

Ìwé ibojì ni ìwé tí ó ń wí. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa ní Peckham nílùú òyìnbó níbí ní ilẹ̀ ìsìnkú, wọ́n fún ibojì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹni tó bá fẹ́ sì lè yan tirẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ọkọ mi ni akọ̀wé nígbà náà. Ìkọkànlélógójì ni wọ́n sin ín sí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kejìlélógójì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tèmi ni. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí wọ́n ń pín in, ó ní, "Àwa méjèèjì la jọ bẹ̀rẹ̀." Èmi ni mo fi bírò dúdú da gbogbo orúkọ náà kọ sínú ìwé, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé kà. Lẹ́yìn náà ó ra kọ̀ǹpútà kan, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi pásíwọ́ọ̀dù tì í, kò sì wo ìwé náà mọ́. Nígbà tó kú, orí tábìlì mi ni kọ̀ǹpútà náà wà. Ibẹ̀ ló jókòó sí. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Olùkọ́ ni mí. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama nílé fún ọdún mọ́kànlá kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi wá síbí. Nígbà tí a dé, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí mi kò tó. Mo ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì láti ìdájí kí ọkọ mi lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni a ń gbé ní Deptford, òtútù inú rẹ̀ pọ̀ débi pé a máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ó parí ẹ̀kọ́, ó ríṣẹ́, ó lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì fẹ́ ìyàwó bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló rán sí mi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn mu tíì mi tán pátápátá kó tó lanu, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ó yẹ kó tètè yé yín." Òun náà ti kú. N kò lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀.

Nunhead ló gbé ìyàwó sí, nínú ilé tó ní ọgbà lẹ́yìn, ní òpópónà tó dákẹ́. Èmi wà ní fúláàtì council, ilé ìjọba olówó pọ́ọ́kú, àjà kẹrin, lífítì tí kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́. N kò jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń tu ara mi nínú: bó pẹ́ bó yá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni n ó sùn sí, kò sì sí ẹni tó máa bá mi pín in níbẹ̀.

Ní oṣù tí mò ń sọ yìí, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilẹ̀ ìsìnkú ní kí gbogbo ẹgbẹ́ fi orúkọ ránṣẹ́ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ibojì tí kò bá ní orúkọ, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ kú. Kọ̀ǹpútà ọkọ mi kò lè lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́, ètò tó ń darí rẹ̀ ti gbó. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n yọ ètò àtijọ́ náà kúrò, kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n sì lo ìwé tí mo kọ. Ká ní mo panu mọ́ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Orúkọ mi wà nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ó ti pè mí ní oníwèé èké. Mo dìde níbi tí a ti ń wọ bàtà náà, bàtà mi kan lọ́wọ́, mo ní, "Kọ̀ǹpútà Alhaji ọkọ wa wà nílé mi. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan tuntun sínú rẹ̀ títí a ó fi ṣí i, kí gbogbo ayé rí i." Alága ní kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó àti èmi gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi ìró wé kọ̀ǹpútà náà bí ẹni pọn ọmọ, mo gbé e sínú báàgì onítáyà mi, mo sì wọ́ ọ gba ọjà Rye Lane kọjá láàárín iṣu àti omi yìnyín ẹja. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta èèpo fóònù. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó tan kọ̀ǹpútà náà, ó gbọ́ ìró tó ń ti inú rẹ̀ wá, ó sì ṣí fìlà.

"Mummy, eléyìí ti retire tipẹ́ o. Pension ló yẹ kó máa gbà."

"Èmi náà ti fẹ̀yìn tì. Orí mi ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, Mummy. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Operating system, ó dà bíi landlord. Program tí Daddy fi kọ orúkọ yìí, tenant ni. Landlord àtijọ́ mọ̀ ọ́n, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Tí mo bá gbé landlord tuntun wọlé, kò mọ̀ ọ́n rí, ó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Orúkọ yẹn, ẹ ò ní rí i mọ́ láéláé."

"Ṣé o lè gbé orúkọ jáde kí tuntun tó wọlé?"

"Tí password bá wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló máa gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Disk yìí gan-an, ibi tí gbogbo orúkọ wà, bó ṣe ń ké yìí, mi ò lè ṣèlérí pé ó máa jí lọ́la."

Ìyàwó wọlé nígbà náà, tòun ti lọ́fínńdà rẹ̀. Ó kí mi, ó tẹ orúnkún, ó jókòó sórí àpótí ní òdìkejì káńtà, níbi tí kò ti lè rí ojú kọ̀ǹpútà.

"Ìyáálé mi, ẹ sì fi báàgì wọ́ ọ wá. Ẹ̀ bá ti pè mí kí ọmọ mi fi mọ́tò gbé yín."

"Ẹsẹ̀ mi ń ṣiṣẹ́."

"Mo mọ̀. Ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n ran yín lọ́wọ́."

Mo ní kí ọkùnrin náà tẹ orúkọ ìlú ọkọ mi. Kò ṣí. Ó ku méjì.

"Ẹ fi orúkọ àkọ́bí mi sí i," ni ìyàwó wí. Ó wo èékánná rẹ̀. "Òun ni Daddy fi ń ti gbogbo nǹkan. Fóònù wọn, báńkì wọn, gbogbo ẹ̀."

N kò mọ ìyẹn. Ọkùnrin náà wò mí, mo mi orí, ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ó ku ẹyọ kan.

"Mummy, ẹ rò ó dáadáa o."

Mo di ojú. Mo rí ọkọ mi níwájú kọ̀ǹpútà yìí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, tó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Mo wá rántí ilẹ̀kùn yàrá wa ní Deptford, nọ́ńbà idẹ tó so rọ̀ lára rẹ̀ nítorí pé ìṣó kan ti bọ́. Mo ní kí ó tẹ orúkọ òpópónà náà àti nọ́ńbà ilẹ̀kùn yẹn.

Ó ṣí.

Mo yíjú sí ìyàwó. Ojú mi ló sọ ọ́. Láàárín gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn kó jọ láyé, yàrá wa ló fi ṣe kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó wo ilẹ̀.

Ọkùnrin náà rọra ń yí orúkọ lọ sókè. Ọgbọ̀n. Márùndínlógójì. Ìkọkànlélógójì, ọkọ mi. Kejìlélógójì.

Orúkọ ìyàwó ló wà níbẹ̀.

Mo wọ gíláàsì mi dáadáa, mo tún kà á. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, orúkọ mi wà pẹ̀lú ìlà kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá, àti ọjọ́ tí wọ́n yí i padà. Ètò àtijọ́ yẹn kì í pa nǹkan rẹ́ pátápátá, ó máa ń tọ́jú ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀. Mo mọ ọjọ́ náà. Ìlú wa lọ́hùn-ún ni mo wà. Mo lọ sin ìyá mi. Mo lo ogójì ọjọ́ níbẹ̀, ọkọ mi sì ń pè mí ní alaalẹ́ láti béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ọkùnrin náà ti kà á. Ó fara súnmọ́ mi, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mummy, ẹ̀rọ yìí ti gbóná. Tí mo bá gbé tuntun wọlé báyìí, a máa sọ pé ó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ìwé yín ni wọ́n máa lò. Èmi ò rí nǹkan kan."

"Kí ló wà níbẹ̀?" ìyàwó béèrè. "Ìyáálé mi, ẹ ti dákẹ́ jù."

Ìka ọkùnrin náà wà lórí bọ́tìnnì. Ohun tó kù fún mi láti ṣe kò ju kí n mi orí lọ. Ibojì náà ìbá jẹ́ tèmi, ìyàwó ìbá máa tẹ orúnkún fún mi títí ayé, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Disk náà ń ké bí eku nínú àjà. Mo ronú nípa àwọn ọmọ tí mo kọ́ nílé. Bí ọmọ bá ṣi ìdáhùn kọ, n kì í jẹ́ kí ó fi rọ́bà pa á rẹ́. Mo máa ń ní kó fi ìlà kan ṣoṣo gbà á kọjá, kí n lè rí ohun tó kọ́kọ́ rò. Ọkọ mi mọ èyí. Ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí mo bá gba tuntun, n ó sùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe sí mi á lọ láìní ẹlẹ́rìí. A kò ní rí i kà níbì kankan pé orúkọ mi ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àti pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ nígbà tí mo ń sin ìyá mi. Ọkọ mi á tún bọ́ lọ́wọ́ mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bọ́.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò," ni mo wí fún ọkùnrin náà. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí òdìkejì káńtà. "Ìyàwó, wá kà á."

Ó dìde. Ó pẹ́ kó tó kà á tán. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín, mo ti múra sílẹ̀ dè é. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan orúkọ mi tó ní ìlà láàárín.

"Wallahi, èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n ṣe é."

"Èmi kò bi ọ́."

"Wọn ò sọ fún mi rí. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ni ín lóòótọ́, inú ló kàn ń bí mi." Ó yíjú sí mi. "Ẹ jẹ́ ká lo ìwé yín. Èmi gbà. Kó fi tuntun sí i."

Èyí dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, pé òun ló wá ń fún mi.

"Ìwé wo?" ni mo bi í. "Ṣé ìwé èké yẹn?"

Ó yọ ìka rẹ̀ kúrò lára orúkọ mi.

"Ibi tí o ti pè mí ní oníwèé èké lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ni o ó ti sọ pé ọwọ́ mi mọ́. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun, kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà. Wàá sì sọ ẹni tó yọ orúkọ mi."

"Daddy ti kú, Ìyáálé mi."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà tẹ orúkọ gbogbo jáde ní ẹ̀dà méjì, pẹ̀lú àwọn ìlà àti àwọn ọjọ́. Mo gba ẹ̀dà kan. Mo ní kó fi ètò àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì lọ fi kọ̀ǹpútà mìíràn fi orúkọ ránṣẹ́ bó ṣe wà nínú ẹ̀dà náà.

"Ṣé ó dá yín lójú, Mummy?"

"Wé e fún mi."

Ìyàwó bá mi gbé apá kan báàgì náà sọ̀ kalẹ̀ níbi àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù. N kò ní kó gbé e, n kò sì ní kó fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó dúró láàárín bàtà àwọn ènìyàn, ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò tẹ orúnkún. Nàró ló wà. Àwọn ìyá kan sunkún. Alága ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Mo bi í bóyá ó fẹ́ ka ẹ̀dà mi. Ó ní rárá.

Kọ̀ǹpútà náà wà lórí tábìlì mi. Àwọn ọmọ mi ní kí n jù ú nù, wọ́n ti ra èyí tó fẹ́lẹ́ bí àwo fún mi. Nígbà mìíràn mo máa ń tan ti àtijọ́, n ó dúró kó ké tán, n ó tẹ nọ́ńbà ilẹ̀kùn Deptford, n ó wo ìlà náà, n ó sì pa á.

Mo ti yan ibojì mìíràn kí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn tó kọjá. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí akọ̀wé tuntun béèrè ẹni tí mo fẹ́ kó wà ní ibojì tó tẹ̀lé e, mo ní kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Mo ní kó má sọ orúkọ ẹni náà fún mi.